Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò Nínú pg_type?

Ní àwọn ọdún 1980, oníbàárà kan fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátábéèsì Ingres ní Kalifọ́rníà. Ó ní ìṣirò ọjọ́ wọn kò péye. Michael Stonebraker, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ingres sílẹ̀, ti ròyìn ọ̀rọ̀ náà ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n fi ọjọ́ kún àwọn irú dátà tí Ingres mọ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n: bí èèyàn bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín ọjọ́ 15 oṣù Kejì sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, Ingres á ní 28, tàbí 29 bó bá jẹ́ ọdún tí oṣù Kejì fi ọjọ́ kan gùn sí i. 30 ni oníbàárà yìí ń fẹ́. Òwò bọ́ǹdì ló ń ṣe, nínú irú bọ́ǹdì tó ń tà, ọjọ́ 30 ni wọ́n fún gbogbo oṣù, ìbáà jẹ́ oṣù Kejì, ìbáà jẹ́ oṣù Kẹjọ, kí èlé oṣù kan má baà ju ti èkejì lọ.

Inú ètò Ingres fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ ìyọkúrò ọjọ́ sí. Ẹni tó rà á kò lè nawọ́ kàn án. Ohun tó kù fún oníbọ́ǹdì ni kó máa kó ọjọ́ méjèèjì jáde, kó lọ ṣe ìṣirò rẹ̀ níta. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó ṣi ọjọ́ kà. Òwò rẹ̀ ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Irú ẹjọ́ báyìí ló jẹ́ kí àwọn kan ní Yunifásítì Kalifọ́rníà ní Berkeley, níbi tí Ingres ti bẹ̀rẹ̀, tẹra mọ́ ìbéèrè kan tó ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn: ta ló láṣẹ láti sọ ohun tí ọjọ́ jẹ́ nínú dátábéèsì, ẹni tó kọ ètò ni, àbí ẹni tó ń lò ó?

Lónìí, ẹni tó bá jókòó ti PostgreSQL, dátábéèsì tó ti ara ìbéèrè yẹn jáde, tó sì ní àṣẹ, lè dá irú dátà tirẹ̀ sílẹ̀. Ó sì lè kọ ìbéèrè kan tí yóò to gbogbo irú tí àwọn olùlò ti dá lẹ́sẹẹsẹ. Ìbéèrè náà lọ́jú pọ̀ lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i: ó ń yọ èyí sọ nù, ó ń fo tọ̀hún, ó ń yẹ àtẹ mìíràn wò kó tó dáhùn. Kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ ló fà á. Ìpinnu kan tí àwọn èèyàn fẹnu kò sí ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn ló fà á.

Edgar Codd ló kọ́kọ́ lànà. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wa bàálù fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kó tó ré òkun kọjá lọ ṣiṣẹ́ ní IBM. Ní oṣù Kẹfà 1970, nígbà tó wà ní ilé ìwádìí IBM ní San Jose, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ACM. Àbá rẹ̀ ni pé kí gbogbo dátà wà nínú àtẹ, àtẹ tó ní ìlà àti òpó, kí ẹni tó ń béèrè nǹkan má sì ní láti mọ ibi tí ẹ̀rọ tọ́jú rẹ̀ sí. Ó tún ní òpó kọ̀ọ̀kan ní agbo tí ohun inú rẹ̀ ti ń wá. Àpẹẹrẹ tó lò dá lórí àwọn tó ń kó ẹ̀yà ẹ̀rọ wá fún iṣẹ́: ẹni tó kó o wá, ẹ̀yà tó kó wá, iṣẹ́ tó kó o wá fún, àti iye rẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà lè ni gbogbo wọn. Lójú ẹni tó ní ilé ìtajà, nọ́ńbà tó ń dárúkọ ẹ̀yà ẹ̀rọ àti nọ́ńbà tó ń sọ iye tó wọlé kì í ṣe ọmọ ìyá, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ro wọ́n pọ̀.

Àwọn tó gbé àbá Codd ṣe gba àtẹ tọwọ́tẹsẹ̀. Agbo ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ibi méjì ni iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ gbóná, Kalifọ́rníà sì ni ibi méjèèjì. Ní San Jose, IBM ń ṣe System R, ibi tí Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti gbé èdè ìbéèrè tó di SQL jáde ní 1974. Ní Yunifásítì Kalifọ́rníà ní Berkeley, Stonebraker àti Eugene Wong bẹ̀rẹ̀ Ingres ní 1973. Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe tó dára gan-an: wọ́n fi àtẹ kọ àkọsílẹ̀ dátábéèsì fúnra rẹ̀. Nínú Ingres, àtẹ kan wà tó ń jẹ́ relation, tó ń tọ́jú orúkọ gbogbo àtẹ, òmíràn sì ń jẹ́ attribute, tó ń tọ́jú òpó wọn. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú dátábéèsì kò nílò ìwé ìtọ́nisọ́nà tàbí irinṣẹ́ àkànṣe. Èdè tó fi ń béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ náà ló máa fi béèrè orúkọ àtẹ. Nígbà tí Codd bínú ní 1985, tó ní àwọn oníṣòwò ń pe ohun tí kì í ṣe dátábéèsì alátẹ ní alátẹ, tó sì to òfin rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Computerworld, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló fi ṣe òfin kẹrin.

Ṣùgbọ́n irú dátà kò sí nínú àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn bí ohun tó dá dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ingres, lẹ́tà i, f àti c ni: odidi nọ́ńbà, nọ́ńbà onídẹ́símà, àti ọ̀rọ̀, kí wọ́n fi iye báìtì tẹ̀ lé e. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú attribute kàn ń sọ èyí tí òpó náà jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló máa kọ ìbéèrè láti ka mẹ́ta?

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ já irọ́ pé mẹ́ta tó. Orí àwòrán ilẹ̀ ni owó tí iṣẹ́ Ingres kọ́kọ́ rí dá lé: àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Berkeley ń fẹ́ dátábéèsì tí wọ́n lè fi wo ilẹ̀ àti ohun tó wà lórí rẹ̀. Odò, títì àti ààlà kì í ṣe i, wọn kì í ṣe f, wọn kì í ṣe c. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ingres tọ́jú ààlà oko kan ní láti já a sí àwọn nọ́ńbà kéékèèké nínú ìlà púpọ̀, bó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá oko kan wọnú èkejì, ìbéèrè gígùn gbọọrọ ni, ìdáhùn rẹ̀ a sì falẹ̀. Ingres di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, ó di ọjà, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń fi ṣe owó oṣù àti ìṣirò ọjà. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá owó ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní nǹkan bí 1983, Stonebraker àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi àtúnṣe kan dán Ingres wò: kí olùlò lè dá irú tirẹ̀, kí ó sì kọ bí wọ́n ṣe máa rò ó pọ̀ àti bí wọ́n ṣe máa fi ọ̀kan wé èkejì. Ó ṣiṣẹ́ dé àyè kan, àmọ́ ńṣe ni wọ́n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètò tó ti gbó. Nínú ìdààmú ìgbà yẹn ni Antonin Guttman, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ti mú R-tree jáde ní 1984, ọ̀nà ìtọ́ka tó ń jẹ́ kí a tètè rí ohun tó wà ní àdúgbò kan lórí àwòrán ilẹ̀. Títí di òní olónìí, ọgbọ́n yẹn ni ọ̀pọ̀ dátábéèsì fi ń wá ibi tí nǹkan wà.

Nígbà tó di 1986, wọ́n pinnu pé kí àwọn kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Stonebraker àti Lawrence Rowe kọ àlàyé ètò tuntun kan tí wọ́n pè ní Postgres. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe, èkejì nínú wọn sì ni pé kí olùlò lè fi irú dátà tirẹ̀, àmì ìṣirò tirẹ̀ àti ọ̀nà ìtọ́ka tirẹ̀ kún un. Èdè Lisp ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ apá kan nínú rẹ̀, wọ́n sì kábàámọ̀, wọ́n padà sí C. Ní oṣù Kẹfà 1989 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn olùlò díẹ̀ níta.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú Postgres kò tóbi lójú. Àtẹ kan ni, orúkọ rẹ̀ ni pg_type. Irú dátà kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìlà point, irú tó ń dúró fún ojú ibì kan lórí àwòrán. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 600. Òpó typlen ní báìtì 16 ni, torí nọ́ńbà onídẹ́símà méjì tó jẹ́ báìtì 8 ni wọ́n so pọ̀. Òpó typinput dárúkọ point_in, iṣẹ́ tó ń gba ọ̀rọ̀ bíi (3.9,7.4), tó ń sọ ọ́ di báìtì, typoutput dárúkọ point_out, tó ń sọ báìtì di ọ̀rọ̀ padà. Ó tán. Wàyí o, ẹ wo ìlà int4, odidi nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń lò: nọ́ńbà rẹ̀ ni 23, typlen jẹ́ 4, typinput jẹ́ int4in, typoutput jẹ́ int4out. Bákan náà ni wọ́n rí. Nígbà tí Postgres bá fẹ́ ka nọ́ńbà tàbí kó tẹ̀ ẹ́ jáde, pg_type ló máa lọ wò, bó ṣe máa lọ wò ó fún point, bó sì ṣe máa lọ wò ó fún irú tí ẹnì kan dá lánàá. Bí oníbọ́ǹdì bá dá ọjọ́ olóṣù-30 tirẹ̀, tó sì kọ ìyọkúrò tó bá a mu, ẹ̀rọ kò ní bi í léèrè ẹni tó rán an níṣẹ́.

Onílé àti àlejò ń jẹun nínú àwo kan náà, ohun tí wọ́n ń wá gan-an sì nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí àlejò dìde kí wọ́n kà wọ́n, kò sí ilà lójú ẹnì kankan.

Kí á tó dé orí kíkà yẹn, owó wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1992 ni ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ fi Postgres ṣòwò. Ó yí orúkọ padà títí ó fi dúró lórí Illustra. Ohun tí wọ́n ń tà ni àkójọ irú dátà tí wọ́n dì sínú ẹrù kan pẹ̀lú iṣẹ́ wọn, wọ́n pè é ní DataBlade: ti àwòrán ilẹ̀, ti fọ́tò, ti iye owó ọjà tó ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ní ìparí 1995, ilé-iṣẹ́ dátábéèsì Informix kéde pé òun ń rà á. Àwọn yòókù náà kò sùn. DB2 ti IBM ti ní irú tí olùlò dá ní 1995. Oracle 8 gbé tirẹ̀ dé ní 1997. Ní Berkeley, iṣẹ́ Postgres parí ní 1994 pẹ̀lú ẹ̀dà 4.2. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Andrew Yu àti Jolly Chen, yọ èdè ìbéèrè rẹ̀ kúrò, wọ́n fi SQL rọ́pò rẹ̀, àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ náà káàkiri ayé sì gbà á tọ́jú. Láti 1996 ni wọ́n ti ń pè é ní PostgreSQL.

Nígbà tí gbogbo ilé ti ní irú àdáni, gbogbo ilé ní láti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á. Kò sí méjì tó bára mu. Oracle ní USER_TYPES, ALL_TYPES àti DBA_TYPES, òpó kan tó ń jẹ́ PREDEFINED sì wà tó ń dáhùn YES tàbí NO. DB2 ní SYSCAT.DATATYPES, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú òpó METATYPE ló ń sọ bóyá irú náà bá ilé wá tàbí wọ́n dá a. Informix ní sysxtdtypes. SQL Server ti Microsoft, tó jogún systypes lọ́wọ́ Sybase, gbé sys.types dé ní 2005, ìbéèrè tirẹ̀ ló sì rọrùn jù lọ: is_user_defined = 1. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe fi geometry àti geography kún SQL Server ní 2008, irú tí wọ́n fi ọgbọ́n àdáni kan náà kọ́ ni wọ́n, àmọ́ torí Microsoft ló kọ́ wọn, 0 ni òpó yẹn ń sọ fún wọn. Ọmọ onílé ni wọ́n, ẹ má wo aṣọ wọn.

Àwọn tó ń ṣe òfin SQL gbìyànjú láti mú gbogbo rẹ̀ bára mu. Ní 1992 wọ́n ṣètò INFORMATION_SCHEMA, àkójọ ojú-ìwòye tí gbogbo dátábéèsì yóò máa fi sọ ohun inú rẹ̀ lọ́nà kan náà. Òfin 1999 gba irú tí olùlò dá wọlé, ó sì fún un ní ojú-ìwòye tirẹ̀, USER_DEFINED_TYPES. Èèyàn á ti rò pé ẹjọ́ parí. Nínú PostgreSQL, ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ information_schema.user_defined_types yóò rí irú alápapọ̀ nìkan, èyí tó so òpó mélòó kan pọ̀. Kò ní rí enum, irú tó ní àkójọ iye tí wọ́n kà sílẹ̀. Kò ní rí range, irú tó ń sọ láti ibì kan dé ibòmíràn. Kò ní rí irú tí ẹnì kan fi C kọ láti ìpilẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ìwọlé àti ìjáde tirẹ̀, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá Postgres sílẹ̀! Domain, irú tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi òfin kún, wà ní ojú-ìwòye mìíràn. Ìwé PostgreSQL fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ìdí: òfin SQL kò mọ irú bí enum àti irú tí wọ́n fi C kọ, nítorí náà wọn kò sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ fi ń padà sí pg_type. Ìbéèrè náà máa ń rí báyìí:

SELECT n.nspname, t.typname, t.typtype
FROM pg_type t
JOIN pg_namespace n ON n.oid = t.typnamespace
LEFT JOIN pg_class c ON c.oid = t.typrelid
WHERE n.nspname NOT IN ('pg_catalog', 'information_schema')
AND (t.typrelid = 0 OR c.relkind = 'c')
AND NOT EXISTS (SELECT 1 FROM pg_type e WHERE e.typarray = t.oid);

Ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn WHERE ní ìtàn tó gbé e wá. Èyí àkọ́kọ́ ń yọ àwọn irú tó bá ilé wá, kò sì ṣeé kọ rárá kó tó di 2002, nígbà tí ẹ̀dà 7.3 mú schema dé, ìyẹn yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí orúkọ àtẹ àti irú ń gbé. Ṣáájú ìgbà yẹn, abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo wọn ń gbé. Èkejì wà nítorí ìgbàgbọ́ Berkeley pé àtẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ irú: bí èèyàn bá dá àtẹ oníbàárà, irú kan tó ń jẹ́ oníbàárà yọjú lójú ẹsẹ̀ ní pg_type láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta wà nítorí pé láti ẹ̀dà 8.3 ní 2008, irú àtẹ bẹ́ẹ̀ náà ti ń bí ìbejì, ìyẹn irú tó ń kó púpọ̀ rẹ̀ pọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ń fi àmì ìfàlà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dá àtẹ 40, tí kò dá irú dátà ẹyọ kan, yóò bá ìlà 80 tuntun níbẹ̀. Láti ẹ̀dà 14 ní 2021, ẹni tó bá dá range kan ṣoṣo yóò rí mẹ́rin: range náà, multirange rẹ̀, àti ìbejì àwọn méjèèjì. Ìbéèrè òkè yìí yóò ṣẹ́ ẹ kù sí méjì, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀nà àbùjá wà. Ẹni tó wà nínú psql, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL, lè tẹ \dT, bó bá sì bẹ̀rẹ̀ psql pẹ̀lú -E, yóò rí ìbéèrè tí àṣẹ náà ń ṣe ní kọ̀rọ̀, ọmọ ìyá èyí tó wà lókè yìí ni. Àwọn mìíràn fẹ́ràn kí wọ́n fi nọ́ńbà ṣe é: gbogbo ohun tí èèyàn bá dá lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé dátábéèsì kalẹ̀ ń gba nọ́ńbà láti 16384 lọ sókè. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni òpó typcategory, níbi tí lẹ́tà U ti dúró fún irú tí olùlò dá. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò bá uuid, json àti bytea nínú àkójọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ni wọ́n bí wọn sí. Iṣẹ́ òpó yẹn ni láti ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tó bá ń yan àmì ìṣirò tó yẹ. Wọn kò fi ṣe ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀.

Àwọn onílé náà ń kú. Láti ayé Berkeley ni abstime, reltime àti tinterval ti wà, irú ìgbà tí wọ́n fi báìtì mẹ́rin kà, abstime kò sì lè ré kọjá 2038. Ẹ̀dà 12 ní 2019 yọ wọ́n kúrò. Point, box àti polygon ṣì wà pẹ̀lú nọ́ńbà 600, 603 àti 604 wọn, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn ló ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ gidi mọ́. Àlejò kan ló gba iṣẹ́ náà. Ní 2001, ilé-iṣẹ́ Refractions Research ní ìlú Victoria, ní Kánádà, gbé PostGIS jáde, ẹrù irú dátà tí wọ́n so mọ́ PostgreSQL láti ìta, geometry sì ni olórí wọn. Àwọn tó ń ya àwòrán OpenStreetMap ń kó ọ̀nà inú ayé sínú òpó geometry, Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn wà lára wọn. DHIS2, ètò tí Nàìjíríà fi ń kó ìròyìn ilé ìwòsàn jọ, orí PostgreSQL àti PostGIS ló jókòó lé.

Geometry ti di ọlọ́lá lóde òní, síbẹ̀ àlejò ni ní gbogbo dátábéèsì tó bá wọ̀. Kò ní nọ́ńbà tó dúró sójú kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé PostGIS wọlé ló máa gba èyí tó bá kàn, nínú dátábéèsì yìí ó lè jẹ́ 16400 àti díẹ̀, nínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó jẹ́ òmíràn pátápátá. Ètò tó bá fẹ́ ka ohun tó wà nínú òpó geometry kò lè há nọ́ńbà náà sórí bó ṣe há 23 ti int4. Nítorí náà, àwọn kan nínú àwọn ètò tó ń so iṣẹ́ èèyàn mọ́ PostgreSQL, Npgsql tí àwọn tó ń lo C# fẹ́ràn wà lára wọn, kì í tíì béèrè ohunkóhun nípa oníbàárà tàbí ọjà tí wọ́n á ti kọ́kọ́ lọ bá pg_type, kí wọ́n to àwọn irú tó wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n mú orúkọ àti nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.